Ohùn Mi Nílé Fadá

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé ni àbúrò Fadá obìnrin. Gbogbo Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò pàdánù nǹkan kan. Òun ló ń tọ́jú ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àlùfáà Kátólíìkì tó tún jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí, ọkùnrin tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe àyẹ́sí ìgbésí ayé rẹ̀ àti àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ ní agbègbè wa láìpẹ́ yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, mo sì pẹ́ nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá bá eegun pàdé nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹja gidi ni mo sè.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ Ìmàle Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, bàbá mi ń la pákó, ìyá mi ń ta aṣọ, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ yunifásítì nínú ẹbí wa. Mo ti ka ìwé bíi mélòó kan, mo sì rò pé ọgbọ́n tó kù láyé kò pọ̀ mọ́. Fadá ló ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọgbọ́n orí, èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní filọ́sọ́fì. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ má fọ́ mọ́ òun lẹ́nu. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù, kò sì sí ẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa pé ẹ̀rí-ọkàn ni ohùn Ọlọ́run tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo nawọ́. Mo ní èmi ò gbà. Mo ní ní Ìjẹ̀bú tiwa, ojú àwọn ènìyàn ló ń kọ́ni níwà. Ibi tí ojú kò bá sí, ìtìjú kò sí, ibi tí ìtìjú kò bá sì sí, kí ni ẹ̀rí-ọkàn ń wá níbẹ̀? Mo ti ń kó ìwé mi jọ, nítorí mo rò pé Fadá máa lé mi jáde ni. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé òun ní Òjòwò lọ́sàn-án Sátidé, kí n wá parí àròyé mi, pé àkókò kíláàsì kò ní tó wa.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó wo ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Lọ. Gba ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó da omi sí ẹ lórí.”

Báyìí ni mo di èrò ilé Fadá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pálọ̀ ni a ń jókòó sí, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀kan sí títì, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń rin ewùrà. Fadá á gbé téèpù sórí tábìlì, á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ láti gba ohùn wa sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fọwọ́ kọ ti máa ń tutù kó tó dénú ìwé. A ó jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Tí mo bá ń padà sílé, màá máa tún gbogbo ohun tí mo sọ sọ fún ara mi lójú ọ̀nà, màá sì máa fún ara mi ní máàkì. Máàkì náà kì í wálẹ̀ rárá.

Ọjọ́ tí mo fi ń yangàn títí dòní ni ọjọ́ tí a lọ sí Ẹ̀fìrè, abúlé àwọn apẹja lórí ọ̀sà. Fadá ní bí a bá ń jiyàn lórí ohun tí ènìyàn ń ṣe níbi tí ojú kò sí, ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A gba Ìbíadé, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Àbúrò rẹ̀ bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ ra ẹja tútù. Nígbà tí a wà lórí ọ̀sà, Fadá bi apẹja tó ń wa ọkọ̀ wa pé bó bá rí ìgèrè ẹlòmíràn tó kún fún ẹja ní ìdájí, tí kò sẹ́ni tó ń bọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń lọ, kí ni kò ní jẹ́ kó kó o. Apẹja náà kò tilẹ̀ dá àjẹ̀ dúró. “Fadá, àwọn ẹja náà ń wò mí ná!” Àwa obìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń mì. Fadá ní tirẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, “O rí i? Kò sójú níbẹ̀, síbẹ̀ kò kó o.” Ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu mi kí n tó rò ó: “Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, sà? Ṣé òun kì í ṣe ènìyàn ni? Ó ń wo ara rẹ̀.” Nígbà tí a padà sọ̀kalẹ̀ ní Ìbíadé, Fadá ní, “O ti fún mi níṣẹ́ ọdún púpọ̀.”

Inú gbólóhùn mi yẹn ni ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ti hù jáde, èyí tó sọ pé olúkúlùkù ni aládùúgbò àkọ́kọ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n ń kà á lókè òkun. Orúkọ mi kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti wí.” Ìdí rẹ̀ nìyí. Kò pẹ́ tí a ti Ẹ̀fìrè dé ni àbúrò Fadá sọ láàárín ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ pé ọmọbìnrin Ìmàle kan ń yọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò nínú aṣọ àlùfáà díẹ̀díẹ̀, pé òun ti rí ohun tí òun rí. Obìnrin tó bá wa lọ, tó bá wa bọ̀, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ láti ẹ̀yìnkùlé! Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé mọ́ṣáláṣí kí Jímọ̀ tó pé. Ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ránṣẹ́ pé àwọn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà. Wọn ò tíì ṣàmín títí dòní. Bàbá mi kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní kí n má tún dé Òjòwò. Fadá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní yunifásítì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ní òun yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ, láti fi dáàbò bò mí. Ó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ó ní ìdajì ohùn inú wọn, tèmi ni. Mo dúpẹ́, mo délé, mo sunkún. Orúkọ tí wọ́n dáàbò bò títí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ ọ́n, kí ni ẹni tó ni ín fẹ́ fi ṣe?

Mi ò kú, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Mo kàwé jáde, mo di tíṣà, mo fẹ́ ọkọ rere, mo bímọ, mo dé Mẹ́kà. Mo ti di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí Fadá kú. Àlùfáà kì í bímọ, nítorí náà Bíṣọ́ọ̀bù ní kí àwa tó kọ́ níwèé tò, kí a da erùpẹ̀ sí sàréè rẹ̀ bí ọmọ ti ń ṣe. Mo tò. Mo ti bu erùpẹ̀ sọ́wọ́ kí àbúrò rẹ̀ tó yọ sí mi. Ó gbá ọwọ́ mi, erùpẹ̀ dà sórí bàtà mi. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́: “Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹun nílé wa ni ọmọ!” Bíṣọ́ọ̀bù wolẹ̀. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì wolẹ̀. Mo gbọn bàtà mi, mo kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìjọ bá ránṣẹ́ sí mi nítorí kásẹ́ẹ̀tì, mi ò sí nílé. Bí yunifásítì bá ránṣẹ́, ó ń rẹ̀ mí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ló yí mi lọ́kàn padà. Òun ni wọ́n ní kó kó àwọn ìwé Fadá jọ síbi kan, kó sì ṣètò ọjọ́ mẹ́ta náà: ìsìn ní Òjòwò, àsọyé àti àfihàn ní Àgọ́-Ìwòyè, ìrìnàjò lórí omi ní Ẹ̀fìrè. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì ti ń múra láti sọ fún un pé ó ń rẹ̀ mí. Kò dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti ka ìwé Fadá tán. Ta ni ‘akẹ́kọ̀ọ́ mi kan’?” Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti jáde, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní kó dìde, kó jókòó.

Mo sọ fún un pé màá mú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wá, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ti tẹ̀ wọ́n, wọn ò ní gé nǹkan kan kúrò, àbúrò Fadá sì gbọ́dọ̀ jókòó níwájú.

“Àlàájà, màmá yẹn ti dàgbà o.”

“Èmi náà kì í ṣe ọmọdé.”

“Bí wọn ò bá wá ńkọ́, mà?”

“Kásẹ́ẹ̀tì náà ò ní wá nìyẹn.”

Wọ́n gbé màmá náà wá, ó jókòó níwájú. Ní ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, gbọ̀ngàn Àgọ́-Ìwòyè kún dẹ́nu: àwọn Fadá, àwọn Sístà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yàwòrán pẹ̀lú fóònù, àti ẹbí tèmi tí wọ́n gba ìlà mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú lèmọ́mù àdúgbò wa. Awò ojú Fadá àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wà nínú àpótí onígíláàsì. Olùkọ́ náà ti gbé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà níṣojú mi. Mi ò fi àwọn kásẹ́ẹ̀tì gan-an sílẹ̀ fún un rárá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Fadá jáde: “Tún ohun tó o sọ lórí omi sọ, kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ.” Ohùn mi tẹ̀ lé e, ó tinrín, ó gùn, ó kún fún ìgbéraga ọmọ tí kò tíì jìyà: “Mo ní apẹja náà ń wo ara rẹ̀, sà.” “Bí ènìyàn bá wá di ojú mọ́ ara rẹ̀ ńkọ́?” “Á forí gbá ògiri, sà.” Fadá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó ti inú wá, tí kò fẹ́ dáwọ́ dúró. Bó ṣe ń rọlẹ̀ ni ohùn obìnrin kan ké láti ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ̀yin méjèèjì, Ọlọ́run ò ní sá lọ! Ẹ wá jẹun, ìkọ́kọrẹ́ ti ń dì!” Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Nínú téèpù, Fadá kò dá a lóhùn. Ó kàn ń bá àlàyé rẹ̀ lọ.

Wọ́n pè mí sí orí pèpéle. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún obìnrin yẹn láti ìgbà èwe mi kún àyà mi. Gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí. Mo pa ọ̀rọ̀ náà tì, mo di gbohùngbohùn mú, mo ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé náà wí, èmi ni.” Mo wá sọ orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, àti àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n dìde fún mi. Lèmọ́mù náà dìde. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ju ogún lọ dáadáa, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò mí helehele nígbà tó dé.

Lẹ́yìn ètò ni wọ́n ní màmá ń pè mí. Ó wà lórí àga níta, lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo ti búra pé mi ò ní kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn láyé mi, ṣùgbọ́n orúnkún tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré kì í bi ẹni tó ni ín léèrè. Kí n tó mọ̀, ó ti kan ilẹ̀. Màmá náà wá ọwọ́ mi rí, ó dì í mú. Ó ní kí olùkọ́ náà tún ibì kan tẹ̀ fún òun nínú fóònù. Mo rò pé ohùn ara rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́, bóyá ó fẹ́ sẹ́ ẹ. Ibi tí Fadá ti bú sẹ́rìn-ín ló ń béèrè. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Orúkọ mi ti wà lábẹ́ ohùn náà báyìí níbi tí wọ́n kó àwọn nǹkan Fadá pamọ́ sí, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀ á kà á. Mo máa ń lọ kà á fúnra mi, mi ò tijú. Àwọn ọmọ mi ń bi mí bóyá obìnrin náà tọrọ àforíjì. Kò tọrọ, èmi náà kò sì ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi ti fọ̀ mọ́ tán. Gbogbo ohun tó lè sọ ni mo ti múra sílẹ̀ fún, àyàfi èyí tó sọ. Ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, kò jẹ́ kí n dìde, ó ní:

“Gbogbo ọdún tí mo fi ń se oúnjẹ fún un, mi ò pa á lẹ́rìn-ín báyìí rí. Ìwọ kàn ti ìta wọlé, o jókòó, ó sì ń rẹ́rìn-ín.”