Àgbò Kì í Ránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ rí aláwìn tínú rẹ̀ dùn, kó wá wo Sàlàhúdíìnì, télọ̀ Ṣàpọ́n, lọ́dún tó ra maṣínì ìránṣọ láwìn. Owó ò sí lápò, ṣùgbọ́n maṣínì ń kọrin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń ránṣọ ló ń san díẹ̀díẹ̀. Kí ọdún tó yípo, maṣínì ti san gbèsè ara rẹ̀. Sàlàhúdíìnì bá gbà pé òun mọ àwìn í rà.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, Mọ́nsúrù tí wọ́n jọ ń gbélé fa àgbò wálé. Ojú Sàlàhúdíìnì ò gbà á. Ó gbọ̀nà Adigbẹ lọ bá Bàbá Fájánà, àgbẹ̀ tó ń bọ òrìṣà, ó mú àgbò oníwo ràgàjì kan, wọ́n fi owó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọdún. Òun kọ́ ló fa àgbò gba Ṣàpọ́n kọjá, àgbò ló fà á.

"Ẹ kú ìnáwó o!" làwọn èèyàn ń kí i.

Ìyàwó rẹ̀, Bùsírátù, wo àgbò, ó wo ọkọ. "Bàbá Títílọlá, maṣínì tẹ́ ẹ rà láwìn ń ránṣọ. Ṣé àgbò náà ń ránṣọ ni?"

"Obìnrin yìí, gba Ọlọ́run gbọ́!"

Ní yídì, ààfáà wàásù pé Ọlọ́run ò béèrè àgbò lọ́wọ́ ẹni tí ò ní. Ikọ́ gbé Sàlàhúdíìnì. Síbẹ̀, ó pa àgbò náà. Ẹran tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gbèsè ò tán.

Bàbá Fájánà ò bínú o. Ó kàn ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọọjọ́ ọjà ni, ó ń kí àwọn oníbàárà: "Ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ àgbò ni mo bá wá."

"Èmi tí mò ń wọn èèyàn kí n tó gé aṣọ," Sàlàhúdíìnì á máa sọ fúnra rẹ̀, "mi ò wọn àpò ara mi."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìtìjú lọ. Bó bá forí kanlẹ̀ nínú ìrun, ìbéèrè kan ṣoṣo ní í dìde: ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ gba àgbò yẹn? Ojú ń tì í láti bi ààfáà. Fájánà ló bi.

"Bàbá, ta ló ni àgbò yẹn lọ́dọ̀ Ọlọ́run?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Télọ̀, bí Ọlọ́run rẹ bá bi ọ́, sọ pé Fájánà mú àgbò wá, ìwọ mú ọ̀bẹ wá. Ìwọ sáà ránṣọ fáwọn ọmọ mi, kó dípò owó àgbò."

Àwọn ọmọ Fájánà pọ̀ bí eéṣú. Maṣínì tó ti san gbèsè ara rẹ̀ tún wá ń san ti àgbò. Lọ́jọ́ tí Sàlàhúdíìnì rán bùbá tó kẹ́yìn, Fájánà dìde lórí bẹ́ǹṣì: "Ó tán."

Télọ̀ sáré délé. "Bùsírátù, òní gan-an ni mo pa àgbò mi!"

"Ẹ kú ọdún o," ni Bùsírátù wí, ó sì gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀.

Sàlàhúdíìnì ṣe bísímílà. Ó ti fọwọ́ wá ẹran nínú abọ́ títí kó tó rántí pé òun ti jẹ ẹ́ tipẹ́.