Èkejì Dà?

Ọdún tí gbogbo wa fi aṣọ bo imú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ka ọdún báyìí. Èmi ò mọ̀wé, n kò mọ iye tí ẹ̀yin ń kọ sórí kàlẹ́ńdà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti ṣí imú tipẹ́, àwọn ọmọdé tilẹ̀ ti gbàgbé pé a bò ó rí, kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí èjì. Òjò tètè dá lọ́dún náà, iṣu Ọ̀tùn sì kéré bí ọwọ́ ọmọdé.

Ìwọ tí ò ń kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, wàá bá baba rẹ pàdé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Má ṣe torí pé òun ló bí ọ kí o fo ibẹ̀. Ulé ni mo sì máa ń sọ, má kọ ọ́ ní ilé fún mi. Ìyókù, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí mo bá bínú, kọ ìbínú náà sílẹ̀.

Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ gbá àgbàlá. Ìgbálẹ̀ kan ni mo fi ti ògiri kí n tó sùn, méjì ni mo bá níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ni mo mú. Mo na ọwọ́ sí èkejì, òun ni ìgbálẹ̀. Mo ní bóyá oorun ni kò tíì dá lójú mi. Mo bọ́jú. Mo yí padà láti wọlé, ẹnu ọ̀nà ti di méjì, mo sì forí gbá èyí tí kì í ṣe ọ̀nà.

Mo pe baba rẹ, àkọ́bí mi, tí ulé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà yẹn, gbogbo ayé sì ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àti èmi náà.

Mo ní, "Mo ń rí èjì."

Ó ní, "Èjì kí ni, Yèyé?"

"Èjì ohun gbogbo. Ìwọ gan-an, ẹ̀yin méjì lẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀kan tí ẹ ń bú yìí ò tó yín ni?"

Ó wọlé lọ. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Yèyé ti ń ṣarán o." Etí mi ò gbọ́ èjì. Ọ̀kan ni mo gbọ́, ó sì dún ketekete.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń ṣarán. Wọn kì í dá a lóhùn mọ́. Bó ní ebi ń pa òun, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Bó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ohun tó bá sọ di ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nígbà tó bá jáde tán. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dá lọ sí oko mọ́, oko tí mo fi owó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rán baba rẹ níwèé.

Èmi fúnra mi ni mo wá rí i pé bí mo bá di ojú ọ̀tún, nǹkan á padà sí ẹyọ kan. Bí mo ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nìyẹn, bí mo ṣe ń rìn nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo di ojú kan kí n lè rí àlùfáà wa ní ẹyọ kan, nítorí àlùfáà méjì nínú aṣọ funfun kan náà ń dà mí láàmú. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. "Ẹ wò ó, Yèyé ń ṣẹ́jú sí àlùfáà!" Nígbà tí a jáde, ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ mi, ó ní, "Yèyé, ẹ ṣì wà níbẹ̀ o!"

Mo ní, "Mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baba rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ti dójú ti òun níwájú ìjọ. Kò bi mí pé kí ló dé tí mo di ojú kan. Tíṣà ni, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè.

Mo lè gbé gbogbo èyí mì. Ti ọmọ yẹn ni n kò lè gbé mì.

Ọmọ mi tó kẹ́yìn ń gbé ní Ìkọ̀lé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ retí ọmọ títí tí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé, ọkùnrin, wọ́n fi mọ́tò wá gbé mi láti Ọ̀tùn lọ sí ìsọmọlórúkọ. Yàrá náà kún. Ìyá ìyàwó ló wẹ ọmọ, òun ló gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí láti di ojú kan. Mo la ojú méjèèjì wò ó.

Orí méjì ni mo rí, ẹnu kékeré méjì tó ń yán. Nílẹ̀ wa, a kì í pariwo oyún. Obìnrin lè bí ìbejì kí ẹni tó wà ní Ọ̀tùn má gbọ́. Mo rí i tí ọ̀kan fẹ́ yọ̀ bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi. Mo yára na ọwọ́ òsì kí ó má baà ṣubú, ọwọ́ mi sì bọ́ sí òfo, gẹ́gẹ́ bó ṣe bọ́ sí òfo níbi ìgbálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo kígbe.

"Èkejì dà?"

Gbogbo yàrá yíjú sí mi.

Ìyá ìyàwó ní, "Èkejì wo, Màmá?"

"Èkejì ọmọ yìí! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbí!"

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún. Ọmọ tí wọ́n wá títí kí wọ́n tó rí, kí àgbàlagbà gbé e lé itan kó máa bèèrè èkejì. Ẹnìkejì rẹ̀ ní ọ̀run ni wọ́n gbọ́, àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń wá pe ọmọ padà. Obìnrin náà já ọmọ gbà lórí itan mi bí ẹni já ẹran gbà lẹ́nu ajá. "Ẹ̀yin ará ulé, ẹ gbọ́ o! Ó ti rí ẹnìkejì rẹ̀! Ó ń pè é!" Ìyàwó ọmọ mi bú sẹ́kún. Ọmọ náà ké. Èmi nìkan ni mo jókòó, ọwọ́ mi méjèèjì ṣí sílẹ̀.

Mo wo àwọn ọmọ mi. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Baba rẹ bọ́ sí àárín yàrá, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú, ẹ fojú fò ó, Yèyé ń ṣarán ni." Ó rò pé òun ń gbà mí sílẹ̀. Wọ́n gbé mi padà sí Ọ̀tùn kí wọ́n tó bu oúnjẹ.

Ọmọ mi tó kẹ́yìn pè mí lórí fóònù. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ìyàwó mi ò lè sùn. Ìjọ wọn ń gbàdúrà lórí ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ ná kí ẹ tó tún gbé e."

Mo ní, "Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́, ìgbà wo ló hu ẹ̀gún?"

Wọ́n wá ń fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sórí fóònù baba rẹ, pé kí n máa wò ó níbẹ̀. Mo máa ń di ojú kan kí n tó wò ó. Ọmọ ọmọ mi, inú gíláàsì.

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ mí di ènìyàn padà, opó tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti bá a yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ ní ulé ìwòsàn ńlá, ọjọ́ tí yóò padà lọ fi ojú hàn wọ́n ló wá mú mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé arán ń gbé inú ojú? Inú orí ló ń gbé. Mo ti bá orí rẹ jà rí, ó dá ṣáṣá. Dìde, wọ bàtà." Ó fà mí lọ́wọ́ wọ mọ́tò.

Dókítà ojú tan iná wo ẹyinjú mi, ó ní kí wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ohun ìṣeré ọmọdé sì kún orí tábìlì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bi í pé ṣé dókítà ni. Ó ní rárá, iṣẹ́ tòun ni kí ojú méjèèjì máa rìn pọ̀. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ń wo imú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí òun ń tọ́jú. Ó mú adìyẹ oníke kan, ó gbé e sókè níwájú mi. Mo di ojú kan.

Ó ní, "Ha, Màmá, ẹ ń ṣẹ́jú sí mi?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ náà?"

Ó ní, "Mi ò fi yín ṣẹ̀sín, Màmá. Kí ló dé tí ẹ fi dì í?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ó fi ohun dúdú kan tó rí bí ṣíbí bo ojú ọ̀tún mi. "Adìyẹ mélòó?" Ọ̀kan. Ó ṣí i. "Ní báyìí ńkọ́?" Méjì. Ó gbé adìyẹ lọ sí apá òsì, wọ́n sún mọ́ra. Ó gbé e lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n jìnnà síra. Ó wá mú gíláàsì gígùn kan tó ṣe ìpele-ìpele bí àkàbà, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú mi. Mo rí i tí adìyẹ kan rìn títí, ó wọ inú èkejì lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Ó ní, "Ojú yín méjèèjì ń ríran, Màmá. Àjọṣe wọn ló bàjẹ́. Iṣan tó ń fa ojú ọ̀tún síta ni kò lágbára mọ́, kò lè bá ìkejì rẹ̀ rìn." Ó wá bèèrè pé, "Ẹ ní ọmọ, Màmá?"

"Mo ní."

Mo gbọ́ ohun tó rò: kí ló dé tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú mi wá.

Wọ́n gún mi níka, wọ́n ní ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, òun ló mú iṣan náà. Wọ́n fún mi lóògùn. Ọmọbìnrin náà gé ike tín-ín-rín kan tó ní ìlà wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ojú, ó fi wọ̀ mí. Ayé padà sí ẹyọ kan. Ó ní iṣan náà lè padà bọ̀ sípò bí mo bá ń lo oògùn, kí n máa wá kí òun máa wò ó.

Nígbà tí mo dé ulé, mo pe baba rẹ síta. Mo ní kó dúró. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ́ o. O ò tilẹ̀ pọ̀ tó bí mo ṣe rò."

Ṣé o rò pé wọ́n wá gbé ọmọ fún mi? Àwọn ará Ìkọ̀lé ní gíláàsì ò lè pa ohun tí mo ti fi ẹnu sọ rẹ́. Ni mo bá fi dandan lé e pé ọmọ mi tó kẹ́yìn ni yóò mú mi lọ nígbà tí mo máa padà sí ulé ìwòsàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà lójú ọmọ mi. Kò bá a jà. Ó ní kó jókòó sórí àga mi, ó gbé gíláàsì àkàbà yẹn sí ojú rẹ̀ kan, ó ní, "Ẹ gba adìyẹ yìí lọ́wọ́ mi, sà."

Ọmọ mi na ọwọ́. Afẹ́fẹ́ ló mú. Ó tún na ọwọ́, ó tún mú afẹ́fẹ́. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀.

Mo ní, "Èkejì dà?"

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí símẹ́ńtì, níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń dúró de ìtọ́jú. Mo ní kó dìde, ojú ń tì mí.

Ó mú ìyàwó àti ọmọ wá sí Ọ̀tùn, gbogbo àwọn tí mo bí sì péjọ. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó sunkún, n kò bínú sí i tó bí mo ṣe bínú sí àwọn tí mo fún lọ́mú. Ó gbé ọmọ sọ́dọ̀ mi. Ọmọ ti ń rá, ó ti ní eyín. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo àlejò, ó figbe ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Mo gbé ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀.

Baba rẹ ní, "Yèyé, ẹ sọ pé ó ti parí kí ọkàn wa lè balẹ̀."

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, ojú mi ti sàn báyìí, mo ti bọ́ gíláàsì, n kò sì tíì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo ní: "Ọkàn yín ò ní balẹ̀ lónìí. Ojú mi ti parí ìjà tirẹ̀. Ọmọ yìí ò mọ òórùn ara mi, ẹ̀yin lẹ sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, tó gun itan mi láìsí ẹni tó tì í, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ wá bi mí bóyá ó ti parí. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé mo ń ṣarán, kó kọ́kọ́ jókòó, kó bi mí pé kí ni mo rí."