Àǹtí Olówùú Gé Iná Wẹ́wẹ́

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi jábọ́. Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò pọ̀ débi tí n ó fi wọ́n ṣeré.

Aránṣọ ni Àǹtí Olówùú, bíi bàbá rẹ̀ tó ti kú. Fèrèsé yàrá ìránṣọ rẹ̀ tóbi, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì máa ń rọra wọlé sórí aṣọ tó ti gé sílẹ̀ títí gbogbo yàrá á fi dà bí inú omi. Orí pẹpẹ ni ampilifáyà bàbá rẹ̀ wà, ó wúwo bí òkúta, ó sì máa ń móoru tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò kan fi sọ ọ́ di ibùsùn.

Inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn bàbá náà kù sí. Ọmọ ọwọ́ ni Àǹtí nígbà tó kú, kò mọ bí ohùn náà ṣe rí. Rédíò kékeré kò lè gbé e sókè, ampilifáyà nìkan ló lè gbé e. Àmọ́ bó bá ti tan ampilifáyà, hùùùù rẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ òjò.

“Páwà rẹ̀, ẹ̀yà tó ń fún un níná, ló ń kùn,” ni Bàbá Oníredíò, tí ń tún rédíò ṣe lódìkejì ọ̀nà, wí fún un. “Irin ńlá inú rẹ̀ ti darúgbó bíi tèmi. Ṣe òmíràn fún un.”

“Èmi kẹ̀? Ẹ yéé fi mí ṣeré, Bàbá.”

“Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

“Kí n gé, kí n rán.”

“Iṣẹ́ páwà náà nìyẹn! Iná ara ògiri ni aṣọ odindi. A óò gé e wẹ́wẹ́, kíákíá ju bí abẹ́rẹ́ rẹ ṣe ń sáré lọ. Bó bá ti rí wẹ́wẹ́ báyẹn, tiransifọ́mà tí kò tó ìkúùkù ọmọdé á gbà á kọjá. Lẹ́yìn náà, a óò rán an pa dà kó jọ̀lọ̀.”

Bí Àǹtí ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bó bá ń gé aṣọ, á máa rí iná tó ń já bọ́ ní ègé ègé lẹ́nu sísọ́ọ̀sì. Ó ń wé wáyà mọ́ bọ́bìn kékeré lójú fèrèsé: bàbà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Bàbá Oníredíò fi gílóòbù kan dínà iná. “Tó bá tàn fìrì tó sì kú, ayọ̀ ni. Tó bá tàn tí kò kú, gílóòbù ló ń jẹ ìyà tí páwà rẹ ì bá jẹ.”

Gílóòbù tàn yòò.

Wọ́n pa á, wọ́n dúró kí iná tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ gbẹ tán. Bàbá Oníredíò tẹjú mọ́ bọ́bìn. “Ta ló yí èyí dojú dé?”

Ìlẹ̀kùn iná méjì ló ń ṣe iṣẹ́ gígé náà: bí ọ̀kan bá ṣí, èkejì gbọ́dọ̀ tì. Bọ́bìn yìí ló ń pàṣẹ fún wọn. Àǹtí wé wáyà ti àkọ́kọ́ tán, ó wá yí bọ́bìn pa dà, bí gbogbo aránṣọ ṣe máa ń yí i kí wọ́n tó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó sì wé ti èkejì. Ni ìlẹ̀kùn méjèèjì bá ń ṣí pa pọ̀.

“Ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kọ́.”

“Kí ọwọ́ rẹ tú u nígbà náà.”

Ó tú u, ó tún un wé. Gílóòbù tàn fìrì, ó kú. Wọ́n so páwà tuntun mọ́ ampilifáyà, gbogbo yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ológbò fọwọ́ kan ibùsùn rẹ̀, ó bá a tútù, ló bá bínú jáde.

Àǹtí fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ jáde, gìgìgìgì. Lábẹ́ rẹ̀: hùùùù.

Àǹtí figbe ta: “Ó ṣì ń kùn!”

Bàbá Oníredíò dá kásẹ́ẹ̀tì dúró. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Hùùùù. “Kì í ṣe páwà rẹ,” ló wí jẹ́jẹ́. “Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá.”

Ni ìyá Àǹtí bá sáré jáde láti ilé ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Ṣebí mo ní kó yéé kùn bí oyin nídìí ẹ̀rọ!” Ó wá dúró sójú kan, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣé kò ní sọ̀rọ̀ ni, Màámi?”

“Bàbá rẹ? Kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ránṣọ. Bó ṣe ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún nìyẹn. Orí itan rẹ̀ lo wà níbẹ̀ yẹn.”

Àǹtí Olówùú lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò fi aṣọ kankan sí i. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gìgìgìgì, títí ẹ̀rọ rẹ̀ àti ti inú kásẹ́ẹ̀tì fi ń rìn pọ̀, òun náà sì ń kùn.

Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ológbò yẹn nìkan ni, ká sòótọ́, alángbá ni.