Àpótí Àlàkẹ́ Níwájú Iná

Rábíátù Àlàkẹ́, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, àbúrò mi, ọ̀rẹ́ mi, ó dàárọ̀ o. Òórùn amọ̀ tútù ni mo fi ń rántí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sídìí ààrò, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí: amọ̀ tí wọ́n fi koríko gbígbẹ pò láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ìyá wa, Sàlámátù, ló ń mọ ààrò fún gbogbo agboolé wa l'Ọ́fà. Wọn kì í fi igi tàbí okùn wọ̀n ọ́n. Ẹni tó máa dáná níbẹ̀ ni yóò gbé àpótí rẹ̀ wá, yóò jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dé inú ìkòkò, wọ́n á sì dá iná. Tó bá ṣe díẹ̀, ìyá wa á béèrè pé, "Ṣé o ti sún àpótí?" Bí ooru bá ti lé e sẹ́yìn, wọ́n á wó ààrò yẹn, wọ́n á mọ èyí tó kéré sí i.

Nígbà tí Àlàkẹ́ tó dáná, ó ní ààrò ńlá lòun fẹ́, irú ti Ìyá Ráfíù tó ń se oúnjẹ fáwọn bíríkìlà. Ó sunkún títí wọ́n fi mọ ọ́n fún un nínú ilé ìdáná wa bíńtín. Ooru lé èmi ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ìyá wa ti wà níta. Àlàkẹ́ nìkan ló kù, òógùn bò ó, ó ń pariwo, "Mi ò sún àpótí o!" Ó fa igi jáde kí ooru lè dínkù, ni èéfín bá gba gbogbo ilé.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo kó lọ bá a ní Peckham, ní London, níbi tó ń gbé. Òtútù ti wọ̀ ọ́ léegun. Ó ní iná onígi lòun fẹ́, kí àwa méjèèjì lè máa jókòó tì í bíi tilé. Ihò iná àtijọ́ wà lára ògiri pálọ̀. Sítóòfù onírin ni wọ́n máa ń tì bọ inú rẹ̀.

"Mummy, ẹ mú èyí tó big jù," Sùlíyà ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, "kó lè warm gbogbo ilé."

Àlàkẹ́ gbé àpótí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sítóòfù ní Catford.

"Mummy, please, people ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ṣé àpótí wọn ni?"

Ó jókòó níwájú èyí tó tóbi jù. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì, ọkùnrin tó ń tà á, rẹ́rìn-ín, ó béèrè bí pálọ̀ ṣe tóbi tó. Ó ní bí a bá gbé irú èyí sínú pálọ̀ kékeré, fèrèsé la ó máa ṣí nítorí ooru. Bí a bá sì sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kó má baà gbóná jù, igi ò ní jó dáadáa, èéfín á dúdú mọ́ dígí, á sì dì mọ́ ihò èéfín.

Àlàkẹ́ rọra sún àpótí sẹ́yìn. Ó wò mí. "Àǹtí, ẹ má sọ nǹkan kan o."

"Kí ni mo wí?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kékeré ló mú. Ní gbogbo ìgbà òtútù, orúnkún wa ń kan ara wọn níwájú rẹ̀.

Nígbà èwe, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sá fún iná. Nísinsìnyí mo fa àga mi mọ́ ọn pátápátá, òtútù ṣì ń mú mi. Àpótí rẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún un.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, la sin ín.