Omi Àlùwàlá Lábẹ́ Fèrèsé Ìyá Mi

Ẹni tó bá ní ìgbín ò gbọ́n, kò gbé oko rí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú lábúlé wa lọ́nà Akínyẹlé, ìgbín á wọ abẹ́ ewé, á kó sínú ìkarahun, á fi nǹkan funfun dí ẹnu rẹ̀ pa, á sì sùn títí òjò yóò fi rọ̀. Kò ní jẹ, kò ní mu.

Kí a tó gba òmìnira, bàbá mi ṣa ìgbín nínú oko kòkó nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n kó wọn sínú agbọ̀n, wọ́n fi ewé gbígbẹ bò wọ́n, wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé ìyá mi. Wọ́n ní, "Má sè wọ́n o. Bí òjò bá dé, wọ́n á jí, wọ́n á yé ẹyin, ìwọ náà á ní ohun ọ̀sìn." Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ibà mú bàbá mi lọ.

Ìyá mi wọlé opó. Wọn ò sunkún, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé wo agbọ̀n yẹn. Mo mọ̀ pé òjò ni wọ́n ń dúró dè, kí ohun tí ọkọ wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa lè jí.

Bàbá àgbà, tó bí bàbá mi, ò lè fara da ìdákẹ́ yẹn. Wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá níwájú ilé sílẹ̀, wọ́n gbé búùtà wá sábẹ́ fèrèsé náà, kí wọ́n lè máa kí ìyá mi bí wọ́n ti ń wẹsẹ̀. "Ìyàwó, ṣé o jí? Ọlọ́run á tù ọ́ nínú." Ohùn wọn máa ń tu èmi náà lára.

Àṣé omi ń ṣàn lọ sábẹ́ agbọ̀n. Ìgbín rò pé òjò ni, wọ́n á ṣí ẹnu, wọ́n á na ìwo síta. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọyẹ́ á ti fa gbogbo ẹ̀ gbẹ. Wọ́n á tún fi nǹkan funfun yẹn tilẹ̀kùn. Omi ara wọn náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ilẹ̀kùn ọ̀hún lójoojúmọ́, títí ó fi tán lára wọn. Ewé ló bò wọ́n, kò sẹ́ni tó rí wọn. Ìgbà tí òórùn burúkú jáde la tó tú agbọ̀n wò. Wọ́n ti kú tán.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó sunkún bàbá mi. Bàbá àgbà dúró níta tàwọn ti búùtà. "Èmi ni mo tàn wọ́n jẹ," ni wọ́n wí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kíkí lẹ̀ ń kí mi."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ìyá mi ti jáde opó. Wọ́n gbé agbọ̀n ìkarahun náà sí àárín àgbàlá, wọ́n dúró tì í nínú òjò. Bàbá àgbà ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò pè wọ́n wọlé.

"Òjò gidi rèé," ìyá mi sọ fáwọn ìkarahun náà.

Wọ́n dúró níbẹ̀ títí òjò fi dá.