Imọ̀ Ọ̀pẹ Lẹ́nu Kànga Ṣọ́ọ̀ṣì

N kò rántí ẹni tí ó ní kí n gbé àtùpà náà padà sílé. Mo rántí pé mo gbé e, pé ó ń jó lọ́wọ́ mi nínú oòrùn àárọ̀ tí iná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, pé ìgò rẹ̀ sì ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí mo ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó rán mi, n kò gbọ́ ọ mọ́. Nígbà mìíràn, ohùn bàbá mi ni. Nígbà mìíràn, ohùn agbẹ́kànga fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbà kọ ọ́. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé kí a máa bi ẹlẹ́rìí léèrè ibi tí ó dúró sí nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Mo ti bi ara mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ni ẹlẹ́rìí yìí, ebi ń pa á, kò sì fẹ́ pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó dá mi lójú kò pọ̀. Ìlobù ni a wà, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá mi ti ń ṣe katikíìsì. Ó ku bí ọdún kan kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń jí lọ sódò Erinlẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, tí wọ́n sì ń fi igbá họ omi láàárín iyanrìn. Ọrùn ìyá mi ti wọ́ díẹ̀ sí apá òsì nítorí ìkòkò omi. Nítorí náà ni ìjọ ṣe pinnu láti gbẹ́ kànga.

Ọ̀dọ̀ ìjọba ní Ìbàdàn ni ọ̀gá omi, ẹni tí yóò yan ibi tí a ó gbẹ́, ti wá. Bí ó bá ju àbúrò bàbá mi tí ó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí, kò lè jù ú lọ púpọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ó dé orúnkún, ó gbé ohun èlò kan ró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó yọjú nínú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì kan èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ṣí fìlà fún un. Ìyà ni bàbá mi jẹ kí ó tó mọ̀wé. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìwé fún ọdún mẹ́rin gbáko, lójú rẹ̀, ti sún mọ́ ìtẹ́ Ọlọ́run díẹ̀ ju àwa yòókù lọ.

Ará Ìfọ́n ni agbẹ́kànga tí a gbà, Mùsùlùmí, tí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń fa okùn fún un lókè. Láràárọ̀, kí ó tó wọ inú kànga, yóò yá àtùpà lọ́wọ́ ìyá mi, yóò tàn án, yóò fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì dúró wò ó bóyá iná rẹ̀ yóò kú. Lẹ́yìn náà ni yóò di imọ̀ ọ̀pẹ bí i mẹ́fà pọ̀ mọ́ okùn, tí yóò máa jù ú sísàlẹ̀ tí yóò sì máa fà á sókè bí ẹni tí ń gúnyán, títí òógùn yóò fi bò ó. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ó bá sùn sínú kànga kì í ṣe afẹ́fẹ́ ènìyàn mọ́. Àfi kí a jí i.

Alàgbà kan wà nínú ìjọ tí ara rẹ̀ kò gba imọ̀ ọ̀pẹ yìí. Ojúbọ ni òun ti máa ń rí i kí òun tó di onígbàgbọ́.

"Irú ètùtù wo nìyí nínú ọgbà Olúwa?" ni ó bi agbẹ́kànga lọ́jọ́ kan.

"Ètùtù kẹ̀? Ẹ̀yin bàbá, Mùsùlùmí ni mí o. Bí ìyàwó mi bá gbọ́ pé mo ń bọ òrìṣà, yóò kó ẹrù rẹ̀ lónìí olónìí."

"Kí wá ni imọ̀ ọ̀pẹ ń ṣe lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Lọ́jọ́ Àìkú tí ó ṣáájú Àjíǹde, ṣé ewé ẹ̀fọ́ ni gbogbo yín ń jù kiri ìgboro ni?"

Àwọn obìnrin tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí kànga náà jìn tó ìdúró ènìyàn mẹ́rin, ọ̀gá omi padà wá wò ó. Ó bá agbẹ́kànga lẹ́nu iṣẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó má da ara rẹ̀ láàmú. Irú ilẹ̀ yìí, bó ṣe jìn mọ yìí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́." Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí alàgbà ń wá nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà ìjọ fi ẹnu kò pé imọ̀ ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ wọ inú kànga Olúwa mọ́, bàbá mi sì kéde rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òǹrorò ni bàbá mi. Ìwé sọ pé kò wúlò, ìjọ sọ pé kò mọ́. Ìgbà mélòó ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà rí? Ó gbọ́dọ̀ ti dà bí ohùn láti òkè lójú rẹ̀. Agbẹ́kànga kò janpata. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ yín," ó sì da imọ̀ náà sẹ́yìn ilé wa, kò sì wá yá àtùpà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kan àpáta. Bí àwọn baba wọn ti ń ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n kó igi sórí àpáta náà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dáná sí i, nígbà tí ó sì gbóná gidigidi wọ́n da omi tútù lé e lórí, ó sì sán bí ìbọn. Èéfín bo gbogbo ọgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín kò sí mọ́, ẹnu kànga sì mọ́ kedere.

Ìyá mi ni ó tan àtùpà láàárọ̀ ọjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Gbé e fún ẹ̀gbọ́n Ìfọ́n. Má jẹ́ kí bàbá rẹ rí ọ." Ṣùgbọ́n bàbá mi ti wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Mo mọ̀ pé bàbá mi sọ pé, "Ọ̀gá ti sọ ọ́," ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ nígbà púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo sì máa ń gbọ́ agbẹ́kànga tí ó ń wí pé, "Ọmọ mi, gbé e lọ sílé kó lọ sùn, oòrùn ti yọ." Bóyá àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ̀rọ̀. Mo gbé àtùpà sílé, mo sì gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

A kò tíì parí ìṣirò nígbà tí igbe ta. Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Okùn dẹ̀. Àbúrò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dáhùn. Àbúrò fẹ́ kó sínú kànga. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú. "Ìwọ náà fẹ́ kú? Ẹ gbé àtùpà wá!" Wọ́n sọ àtùpà kalẹ̀, ó kú kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tún un tàn, ó tún kú. Nígbà tí èmi fi sáré dé, alàgbà yẹn gan-an ni mo bá lẹ́nu kànga, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ gún inú kànga, ó ń sunkún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Mo rò pé mo rí èyí. Ó ti pẹ́ jù nígbà tí àtùpà gbà láti jó nísàlẹ̀. Wọ́n sin agbẹ́kànga sí Ìfọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá mi àti àwọn àgbà ìjọ fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ́ ẹní fún wọn, wọ́n ní kádàrá ni.

Ọ̀gá omi padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kànga tí ó dúdú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó sì bèèrè ni pé, "Ṣé ẹ dáná síbí ni?"

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa dáná. Ilẹ̀ tí wọn ò dáná sí ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ò bi wá, sà."

"Ẹ̀yin náà ò bi mí."

Ọ̀gá omi ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni ó sọ nígbà àkọ́kọ́, òótọ́ náà ni ó tún sọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè bínú sí i, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rẹ̀ mí. Wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí pé kí a má lọ sílé ìwòsàn. Èyí kọ́ ni mo ń sọ. Dókítà ni ó la inú mi tí mo fi wà láàyè. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà, onímọ̀ fúnra rẹ̀ lè má sì rí ààlà náà bí kò bá sí ẹni tí yóò fi ìbéèrè tọ́ka sí i. Àwọn ará ìlú kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n gbọ́ àpọ́sítélì, tí wọ́n sì padà lọ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. A kò pè wọ́n ní aláfojúdi. Ìyìn ni a fi kọ wọ́n sílẹ̀. Nílé wa, bí a bá kúnlẹ̀ kí àgbà, a máa ń dìde kí a tó gbọ́ iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán wa. Lọ́dọ̀ ọ̀gá omi, a kò dìde.

Èmi náà ti wá di ọ̀mọ̀wé. Bí mo bá dé Ìlobù, wọn a máa bi mí ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ọ̀rọ̀ oògùn ọmọ, èyí tí n kò kọ́ rárá. Mo máa ń dáhùn. Ojú máa ń tì mí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mo máa ń dáhùn.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ìyá mi sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dáná, agbẹ́kànga wá bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé. Ó ní iná ti jó níbẹ̀, òun kò lè wọ̀ ọ́ lọ́la láìjí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò bá a jiyàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbàdúrà fún un, ọkùnrin náà sì ṣe àmín.

N kò fẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà náà, ìyá mi ti ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan bèèrè. Ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó gbé e lọ fún ọ̀gá omi, ó sì fi àdúrà dí i lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ àṣìrántí arúgbó.

Mo lọ sí Ìfọ́n. Ìyàwó agbẹ́kànga ṣì wà láàyè, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní kí n dìde. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan kan kí ó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó ní, "Mo bi í pé imọ̀ ọ̀pẹ ńkọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Bàbá Katikíìsì ti gbàdúrà sí i."