Táyà Tuntun fún Mọ́tò Oníjókòó Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá tètè gbà pẹ̀lú mi, mo máa ń wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ní mo lè fura sí òjìji ara mi. Mo ní bí òjìji náà bá ń rìn yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń rìn ńkọ́, kí n máa wò ó níran? Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi kì í ṣe páńsá, n kì í sì í ṣe àjà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, mo ra mọ́tò kan fún ara mi. Mọ́tò kékeré ni, ó pupa, oníjókòó méjì péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀, àmọ́ bí o bá tẹ̀ ẹ́, eré tó máa sá, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní ẹ́sítéètì wa ní Ajah, jíìpù gíga ni àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi ń gùn, awakọ̀ ló sì ń wà wọ́n. Èmi ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò báńkì, mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, àwọn ọmọ ti gbé mi kiri bí ẹrù. Nínú mọ́tò pupa yẹn, èmi nìkan ni mo ń di sítíárìn mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú ń tì mí.

Ọkọ mi kò bá mi jà lórí rẹ̀. Ó yí mọ́tò náà po, ó ní, "Ó rẹwà o," ó sì wọlé lọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura. Ọkùnrin tó máa ń ṣàròyé bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá dín díẹ̀, kí ló dé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lórí mọ́tò tó pupa bí ata rodo?

Kò pẹ́ tí òjò fi tú àṣírí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò náà. Èmi àti ọmọ mi obìnrin àgbà là ń bọ̀ láti Eleko. Bí mo ṣe ní kí n yà, ìdí mọ́tò gbá lọ sọ́tùn-ún, ó gbá bọ̀ sósì, ọmọ mi pariwo "Yéè!" títí a fi dúró. Ohunkóhun kò ṣe wá, àmọ́ a dé ilé, ó di ìpàdé ẹbí. Ọmọ mi ń sunkún pé kí n ta mọ́tò náà. Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa, ẹ gbọ́. Màá ra táyà tuntun sí i. Tó bá tún yọ̀ pẹ̀lú mi lẹ́yìn ìyẹn, màá kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé bàbá yín lọ́wọ́, kí wọ́n tà á, n ò sì ní wa mọ́tò mọ́." Ọkọ mi ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ẹ wò ó, ó yá jù. Ṣe ló dà bíi pé ó ti ń retí ẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá táyà kiri nìyẹn, pẹ̀lú ọkọ mi tó ní òun máa sìn mí. Mo ní kí ni ẹ fẹ́ wá ṣe? Ó ní kí wọ́n má bàa rẹ́ mi jẹ. Ẹni tó fẹ́ kí n ta mọ́tò ló ń bá mi wá táyà rẹ̀!

Ìdí àwọn onítáyà tòkunbọ̀ ní Ajah la kọ́kọ́ dé. Táyà tò jọ gogoro, gbogbo wọn ń dán gbinrin. Mo fi ìka ra ọ̀kan, ìka mi dúdú: wọ́n ti fi pólíìṣì kùn ún. Òmíràn, wọ́n ti fi irin gbígbóná gbẹ́ ojú rẹ̀ kó lè dà bí èyí tí kò tíì jẹ. Ọkùnrin tó ń tà á gbé èyí tó dára jù jáde, ó ń lù ú bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin. Mo rí àwòrán òkè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ìràwọ̀ sì wà láàárín òkè náà. Mo ti kà nípa àmì yẹn. Táyà ìlú yìnyín ni. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó lè di ilẹ̀ tó tutù mú; bó bá dé orí ọ̀dà wa tó ń hó lọ́sàn-án, yíyọ́ ló máa máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé táyà òtútù kọ́ nìyí?"

Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Mọ́mì, òtútù ni now! Òun ló máa jẹ́ kí mọ́tò yín tutù."

Ẹ̀rín pa ọkọ mi débi pé ó di ara ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti ń lọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Lekki la ti wá rí táyà tí mo fẹ́, tuntun nínú bébà. Wọ́n ṣe é fún mọ́tò asáré àti ìgbà ooru: ilẹ̀ gbígbóná ló wà fún, ó sì máa ń fa omi òjò sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ mọ́tò lè kan ilẹ̀. Tẹ́yìn fẹ̀ ju tiwájú lọ. Lẹ́tà funfun ńláńlá wà lójú ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń tàn bí eyín ọmọdé. Mo ka nọ́ńbà tó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo gbóòórùn rẹ̀. Bàbá tó wọ awò ojú, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, wo ọkọ mi, ọkọ mi wo bàbá náà, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí ni wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí? Ṣé wọ́n mọra tẹ́lẹ̀ ni? Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó sínú mọ́tò." Ọkọ mi wò mí, ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ sínú oòrùn.

Ìgbà yẹn ni bàbá onítáyà wá yí táyà náà sí mi. Ó ní, "Màdáámù, ojú yìí tó ní lẹ́tà funfun, òun ló gbọ́dọ̀ kọ síta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i o. Ilà tó ń lé omi jáde, ọ̀tọ̀ ni tinú, ọ̀tọ̀ ni tìta. Bí wọ́n bá fi inú rẹ̀ síta, kò ní lè di ilẹ̀ mú nínú òjò." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo sanwó, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ sí rímù níbẹ̀ níṣojú mi. Mo dúró tì wọ́n gbagidi. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, n ò lọ.

Nígbà tí a ń bọ̀, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ mọ́tò lọ sórí ìyípo kan, ó di ilẹ̀ mú gírí, ó gbá mi mọ́ àga. Inú mi dùn, mo kígbe. Ọkọ mi ní, "Ó ti dára báyìí." N ò mọ ohun tí ó fi ohùn yẹn sọ, n kò sì béèrè.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ àbúrò bímọ ní Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ, mo gbé e sísàlẹ̀ àpò. Nígbà tí mo padà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, n kò yẹ mọ́tò wò. Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, mo múra, mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Oniru.

N kò tíì jìnnà. Mo yà ní kọ́nà kan báyìí, ìdí mọ́tò gbá lọ. Mo tẹ bíréèkì, ó ń yọ̀, gọ́tà ń bọ̀ wá bá mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò tiẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: kọ́kọ́rọ́. Ó ti parí. Táyà gun etí gọ́tà, mọ́tò dúró gbì.

Àwọn aláṣọ funfun mẹ́ta kan ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, láìwọ bàtà nínú omi. Wọ́n sáré wá, wọ́n ń pe Jésù. Màmá tó ṣáájú wọn gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò mi, ó ní òun rí i nínú ẹ̀mí pé ẹnì kan nínú ilé mi ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mọ́tò yìí. Mo ṣe àmín. Mo ń ṣe àmín, mo sì ń wolẹ̀. Lẹ́tà funfun ò sí lára táyà!

Orí mi wú. Wọ́n ti jí táyà mi, wọ́n ti fi òmíràn dí i! Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìró àti bùbá tí mo wọ̀, mo tan iná fóònù sábẹ́ mọ́tò. Lẹ́tà funfun wà níbẹ̀. Inú ló wà. Táyà mi ni, ẹnì kan ló yọ ọ́ lára rímù, tó yí inú rẹ̀ síta.

Mo rọra wà á padà sí ẹnu géètì ẹ́sítéètì wa, níbi tí fọ́kanáísà wa ti ń lẹ táyà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹni tí mo mọ̀ dáadáa ni. Bí àwọn fọ́kanáísà ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí táyà bá jẹ níhà kan, wọ́n á yí i padà kó lè jẹ níhà kejì. Mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́? Ó wolẹ̀, ó wòkè.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Dádì ni. Wọ́n ní kí n yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín o."

Èmi tí mo ti ń fura látọjọ́ yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ wá já sí òótọ́, mo ní kó tún un sọ. Mo jókòó lé orí táyà jíjẹ kan níbẹ̀. Ọkọ mi mọ ìlérí tí mo ṣe. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ̀ pé bí mọ́tò bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kọ́kọ́rọ́ máa bọ́ sọ́wọ́ òun. Bí gọ́tà bá wá gbé mi lọ ńkọ́?

Orí àga ìjẹun ni mo bá a, ó ń fi àkàrà mu ògì. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ta lu abọ́.

"Ẹ gbà! Ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ó ti yọ̀. Bó bá jẹ́ òkú mi ni wọ́n gbé wọlé, ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé o fara pa?"

"Ẹ má bi mí! Ta ló yí táyà mi?"

"Èmi ni." Ó dìde, ó ń wò mí látòkè délẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára mi. "Àwọn olè wọ ẹ́sítéètì nígbà tí o wà l'Ábẹ́òkúta. Mọ́tò aládùúgbò wa tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, wọ́n tú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tì í. Lẹ́tà funfun tìrẹ sì ń tàn débi pé èèyàn lè rí i láti ẹnu géètì. Mo ní kí wọ́n fi inú rẹ̀ síta, kó lè dà bí táyà gbígbó. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ, torí o ò ní sùn mọ́, wàá máa ṣọ́ mọ́tò."

"Irọ́! Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá onítáyà sọ. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ yí i!"

"Níbo ni mo ti gbọ́ ọ?" Kò pariwo. "Inú mọ́tò lo ní kí n lọ jókòó."

Ó jókòó padà. Ó ti abọ́ ògì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá wọn. Ṣé lóòótọ́ lo rò pé mo fẹ́ kí nǹkan ṣe ọ́?"

Ó yẹ kí n ní rárá o, kíá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n báyìí. Àmọ́ ẹnu mi kò yá. Mo dúró, mo ń ronú sí i, òun náà sì rí i pé mo ń ronú sí i. Ó mi orí. Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìka kan. Ó ní, "Mọ́tò ẹ ni. Èmi ni mo mú un yọ̀, kì í ṣe ìwọ." Ó fi àkàrà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Wọ́n ti yí táyà náà padà bó ṣe yẹ. Ó ń di ilẹ̀ mú, kódà nínú òjò tó le jù. Mo ṣì ń wà á. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí n tà á mọ́.

Ọkọ mi kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì bínú. Ó kàn ń béèrè ni. Ṣé kí òun bá mi gbé fóònù sí iná? Ṣé kí òun bá mi pa fèrèsé dé? Láàárọ̀ àná, ó mú ọsàn kan wá pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó dúró níwájú mi. Ó ní, "Ṣé kí n bó o fún ọ?" Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò béèrè rí, ó máa ń bó o, á gbé e wá ni. Mo ní ẹ bó o. Ó fa àga súnmọ́ mi, ó sì ń bó o díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí mo ti lè rí wọn dáadáa.